Yàrá Iwájú Ti Lẹ́ni

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ojú yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí nọ́ọ̀sì fún yín, àbí ó ṣì wà lórí férémù fèrèsé níbi tí ẹ máa ń kó gbogbo ohun tí ẹ kò fẹ́ lò sí? Mo mọ̀ yín. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ara mi yá, àyàfi òtútù. Àjà kẹta ni yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ wà, tábìlì mi sì kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbẹ́ mi ni páìpù tó ń mú ilé gbóná gbà kọjá, nítorí náà ọwọ́ òsì mi máa ń gbóná, tọ̀tún á sì máa gbọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ kan ló ń dà mí láàmú, mo sì rò ó pé ẹ̀yin ló máa yé jù. Mo ti sọ fún yín pé ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ ni mò ń kọ. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí tèmi ń darí kò ju ìdérí agolo lọ. Inú fíríìjì tí àwọn ilé ìwòsàn ń tọ́jú oògùn sí ló máa ń wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó.

Tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, ètò mi á kọ́kọ́ gba àyè kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ibi tí yóò máa kọ nǹkan sí. Lẹ́yìn náà, á gba ìlà kan tí ẹ̀rọ kékeré náà yóò máa fi pè é tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, á tan iná fún ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á wá kí i pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Tó bá ti dáhùn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà mìíràn wà tí kì í dáhùn. Bóyá wáyà kò wọlé dáadáa, bóyá iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ètò mi á ní, "Kò ṣeé ṣe," á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá ohunkóhun padà. Àyè tó gbà ṣì wà lórúkọ rẹ̀. Ìlà tó gbà, ẹlòmíràn kò lè lò ó. Iná tó tàn ń jó lásán. Tí ẹni tó ń tọ́jú fíríìjì bá wá tún wáyà kì bọ̀ ọ́, tó ní kí ètò náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, èsì tí kọ̀ǹpútà máa ń fún un ni pé, "Ó ti lẹ́ni." Ta lẹni náà? Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹni tó ti lọ ni.

Ilé ìwòsàn kan da oògùn odidi fíríìjì nù nítorí ọ̀rọ̀ yìí, torí wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò ka òtútù fún ọjọ́ méjì. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá. Ọ̀gá mi kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn gbé iṣẹ́ náà padà sórí tábìlì mi, ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Ì bá sàn fún mi kó pariwo.

Mo rántí aṣọ funfun tí ẹ máa ń tẹ́ sórí tábìlì kí ẹ tó tú ẹ̀rọ tó ń fa omi tí wọ́n gbé wá fún yín ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tú ẹ̀rọ tán, tí ẹ rí i pé kò ní gba àtúnṣe, báwo lẹ ṣe máa ń dè é padà? Ẹ kọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́.

Yàrá iwájú tí mo tì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ o. Mo ń bọ̀.

Èmi ni Ọ̀gá Kékeré yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Ọ̀gá Kékeré mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà rẹ dé. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì wa ní kí n yéé fi bébà ṣòfò, kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní kó máa pè ọ́ fúnra rẹ̀ tó bá wù ú. Ariwo ẹ̀rọ omi ti jẹ etí mi tán. Tí mo bá gbé fóònù sétí, gbogbo èèyàn ló dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ìwé ló bá mi lára mu, mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi.

Oògùn ojú wà lórí férémù fèrèsé lóòótọ́. Ta ló sọ fún ọ?

Mo sọ fún ẹni tó ń ta táyà pé ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ni ọmọ mi ń bá kiri. Ó bi mí irú ọkọ̀ tí ò ń wà. Mo ní ọkọ̀ tí kò ní táyà ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ mi, ohun tí o mọ̀ lo bi mí. Ìwọ tó jẹ́ pé láti ọmọ ọdún mẹ́jọ lo ti ń dúró ti tábìlì mi, tí o máa ń pàṣẹ fún àwọn tó jù ọ́ lọ, tí mo fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré. Ṣùgbọ́n o bèèrè, mo sì máa dáhùn. Bí o bá ń tú ẹ̀rọ, bí nǹkan ṣe ń jáde ni kí o máa tò ó sórí aṣọ, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ká ní o tú ìdérí, o tú béárìn, o tú ọ̀pá inú, o wá rí i pé kò ní gbà. Apá ọ̀tún ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá ni kí o kọ́kọ́ dá padà, lẹ́yìn náà béárìn, kí ìdérí wá gbẹ̀yìn. Tí o bá kọ́kọ́ fi ìdérí dé e, ibo lo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbà wọlé?

Ohun kejì, ibi tí o bá dé ni kí o ti yí padà. Tí o kò bá tíì dé ọ̀pá, má lọ fọwọ́ kan ọ̀pá pé o fẹ́ dè é. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ẹ̀rù ti bà wọ́n, wọ́n á lọ de ohun tí ẹnikẹ́ni kò tú, wọ́n á sì fọ́ ọ.

Ẹ̀rọ tí mo kùnà láti tún ṣe pọ̀ láyé yìí. Mi ò tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí olówó ẹ̀rọ kankan tó lè sọ pé mo dá tòun padà ní títú nínú àpò. Tí kò bá tiẹ̀ ní ṣiṣẹ́, á jẹ́ odidi, ẹlòmíràn á lè gbìyànjú níbi tí mo ti kùnà.

Yàrá iwájú wà bí o ṣe tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ bi mí nípa rẹ̀ lóṣù tó kọjá, torí onílé fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Mo sọ fún un pé ó ti lẹ́ni. Kò tún bi mí mọ́. Mi ò sọ èyí kí o lè kánjú. Ìgbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí o dé.

Bàbá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ kú ìnira ojú tí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ lo oògùn yẹn, mo bẹ̀ yín.

Kí lẹ́tà yín tó dé ni mo ti ń dán an wò bó ṣe wá sí mi lọ́kàn. Mo ní kí ètò náà máa dá ohun tó gbà padà tí nǹkan bá kùnà. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àyè ni mo kọ́kọ́ dá padà, kó tó wá kan iná. Kí n tó dé orí iná, ẹ̀rọ kékeré tó ti ń ṣe bí òkú láti àárọ̀ bá jí, ó pe kọ̀ǹpútà lórí ìlà. Kọ̀ǹpútà sáré lọ kọ ohun tó gbọ́ sínú àyè tí kì í ṣe tiwa mọ́. Gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò mira. Ó burú ju ìgbà tí mi ò tún un ṣe lọ.

Ọjọ́ kejì ni lẹ́tà yín wọlé. Mo kà á ní ìdúró, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ní báyìí, tí ẹ̀rọ náà kò bá dáhùn, ètò mi á pa iná, á dá ìlà padà, á wá dá àyè padà. Tó bá jẹ́ iná gan-an ló kọ̀ láti tàn, kò ní fọwọ́ kan iná, orí ìlà ló máa ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kejì tí ẹ sọ nìyẹn, mi ò ronú kàn án rárá. Mo fi ọwọ́ ara mi yọ wáyà nígbà ọgọ́rùn-ún, mo ń kì í bọ̀ ọ́, mo ń yọ ọ́. Kò tún sọ pé "Ó ti lẹ́ni" mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀gá mi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe? Mo ní rárá, ẹ̀rọ omi ni wọ́n ń tún ṣe. Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti yàrá, a ó máa sọ ọ́. Iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀ lásìkò yìí. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀gá Kékeré yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Mo kí ọ. Má fòyà, kò sẹ́ni tó kú. Mo mọ̀ pé tí o bá rí ìwé látọ̀dọ̀ mi, àyà rẹ máa já, torí abẹ́rẹ́ ló mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe bírò.

Bàbá ka lẹ́tà rẹ sókè fún wa. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀gá rẹ ti yìn ọ́, wọ́n tún ibẹ̀ kà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí o ti ní "a ó máa sọ ọ́", wọ́n ká bébà náà, wọ́n fi í sápò, wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n jáde lọ gbá iwájú ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá a. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Onílé ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá ni mo ti ń ránṣọ báyìí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ gan-an. Tí òjò bá dé, mo máa ń fi ọ̀rá bo aṣọ oníbàárà, èmi á dúró, omi á máa ta sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì máa wo àgádágodo rẹ. Ó ti dípẹtà. Mo ti wò ó débi pé mo lè yà á fún ọ.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí n wá. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, ọjọ́ kan gbáko ni lórí ìrìn, ọdún méjì sì ni ìwé tí wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ kẹwàá oṣù keje. Mi ò fẹ́ lọ. Bàbá ti ń fọwọ́ wá ife omi lórí tábìlì báyìí kí wọ́n tó mú un. Èmi ni mò ń kán oògùn sí wọn lójú, torí tí mo bá fi lé wọn lọ́wọ́, orí férémù fèrèsé ló ń lọ. Ta ló máa ṣe é tí mo bá lọ?

Mi ò fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ o. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Tí o bá ń bọ̀, sọ pé ò ń bọ̀ àti ìgbà tí ò ń bọ̀, màá palẹ̀ mọ́, màá lọ, inú mi ò sì ní bàjẹ́. Tí o kò bá bọ̀, fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, kí n lè dúró máa ránṣọ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì. Èyí tí mi ò lè fara dà mọ́ ni ká máa dúró de ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa tún ńkọ́? Ó ń fo ọ̀nà nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ á gún aṣọ, òwú ò ní mú, o ní kí n gbé e fún ọ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọjọ́ tí ò ń lọ, o ní ó ti parí, pé òróró ló kù kí o fi sí i. Ọdún mẹ́rin rèé. Èyí tí mò ń lò, mo yá a ni, ó máa ń já òwú bí ẹni pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo bẹ bàbá kí wọ́n já àgádágodo kí n lè gbé tìyá wa jáde. Wọ́n ní àwọn ti ṣèlérí fún ọ, ẹni tó tì í ló máa ṣí i. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ti ní àwọn ṣèlérí, ìjà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? O ti dákẹ́ láti oṣù kẹta. Nọ́ọ̀sì ní kí n má dààmú, pé àwọn èwe máa ń gbàgbé ọjọ́. Ìwọ kì í gbàgbé ọjọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o pe òun lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, o kí i, o bèèrè àwọn ọmọ, o sì pa á. Ó ní o kò sọ nǹkan kan. Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ kí o sọ. Mo mọ̀ pé ó kọ̀wé sí ọ, mi ò sì bèèrè ohun tó kọ.

Ó ti gbé àpótí méjì sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní òun kàn fẹ́ nu eruku ara wọn ni. Ó ti nù wọ́n tán láti ọjọ́ Mọ́ńdè, wọn ò tíì padà sókè.

Mi ò ní já àgádágodo rẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun tí mi ò bi ọ́ rí láti ọdún mẹ́rin, torí mo ń bẹ̀rù kí o má rò pé mò ń lé ọ tàbí pé mò ń fà ọ́. Ṣé ò ń bọ̀?

Bàbá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ẹ tú bébà kékeré tó wà nínú àpò ìwé yìí, kọ́kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀. Mo fi rán àwọn tó máa ń yára gbé lẹ́tà, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́jọ ni. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi kí ẹ tó fi ojú rí i.

Mi ò bọ̀, bàbá. Mi ò ní padà wá gbé ibẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ "mo ń bọ̀", mo máa ń kọ ọ́ kíákíá kí n lè lẹ àpò ìwé pa.

Kì í sì ṣe nítorí pé mò ń bọ̀ ni mo ṣe ti yàrá. Nítorí ẹ̀rọ ìyá wa ni.

Mo tú u. Mo wá ohun tó ń mú un fo ọ̀nà, mi ò rí i, mo tún tú sí i. Mi ò tẹ́ aṣọ, bàbá. Mo ń tú, mo ń gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún, torí mo gbà pé ó ti yé mi. Ọ̀sán ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà mi dé, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí tábìlì ní títú. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí n lọ. Mo lè dè é padà bí ó ṣe wà, kí n gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, kí n ní mo kùnà. Mi ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi Ọ̀gá Kékeré, kí n ní ẹ̀rọ ìránṣọ lásán ló ṣẹ́gun mi? Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó ti parí, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Mo ní ọdún kan ni màá lò, màá padà wá tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ rántí lẹ́tà tí mo kọ lóṣù kejì, tí mo ń ṣàlàyé àṣìṣe ètò mi fún yín, tí mo ní ẹni tó ti lọ ló ṣì gba àyè sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ mi, mi ò sì rí ara mi níbẹ̀. Ìgbà tí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi dé ni mo rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo fà á ya. Mo pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ jáde, mo bèèrè àwọn ọmọ, mo sì pa á. Tí mo bá ní kí ẹ já àgádágodo, ọjọ́ náà gan-an lẹ máa rí tábìlì. Ìtìjú ni mo fi ń pa ẹ̀gbọ́n mi lára, bàbá. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń ṣe é lọ.

Èyí ni bí mo ṣe rántí rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ tú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀pá abẹ́rẹ́, ilé bọ́bìnì tí òwú ìsàlẹ̀ máa ń wà, eyín tó ń ti aṣọ síwájú. Kẹ̀kẹ́ tí a máa ń fọwọ́ yí ló gbẹ̀yìn, nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú ife tó ti fọ́ létí. Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ odidi.

Ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní yàrá. Ẹ sọ fún un pé kó tú àpótí. Ẹ sọ fún un kó tó di ọjọ́ kẹwàá. Èmi náà máa kọ̀wé sí i, mo ṣẹ̀ ẹ́ ju bí mo ṣe lè fi ẹnu yín bẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹ má pè mí ní Ọ̀gá Kékeré mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹjọ, bí wọ́n ṣe ṣèlérí fún ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ ní ọjọ́ karùn-ún. Ilé iṣẹ́ náà kò kánjú, òun ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tètè máa bọ̀. Ó ní òun ti dúró tó. Ó kán oògùn sí mi lójú láàárọ̀ yẹn, ó gbá iwájú ilẹ̀kùn rẹ kí n tó jí dé ibẹ̀, òun àti àwọn ọmọ bọ́ sínú ọkọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ náà kò kọ́kọ́ yí. Mo fi òróró sí i, mo jókòó tì í títí ó fi gbà. Títàn ni o fi iná yàrá náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, gílóòbù ti jó tipẹ́. Eruku tábìlì nípọn débi pé mi ò mọ èyí tó jẹ́ irin àti èyí tó jẹ́ igi, àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án. Mo tẹ́ aṣọ funfun. Nọ́ọ̀sì bá mi ka ohun tí o kọ, mo ní kó máa kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Àárọ̀ méjì ni mo fi ṣe é. O rántí gbogbo rẹ̀ dáadáa, kò sí èyí tí o gbàgbé.

Nígbà tí mo dé ilé bọ́bìnì, mo fi ìka wo inú rẹ̀, ọwọ́ mi kan nǹkan kan lábẹ́ sípíríǹgì. Òwú búlúù ni, kò gùn ju ìka mi lọ, eruku ti dì í mọ́ ibẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Ohun tó ń mú un fo ọ̀nà nìyẹn, ọmọ mi. Kò sí nǹkan mìíràn.

Ó ń ránṣọ. Mo fi aṣọ pénpé tí mo rán sínú ìwé yìí kí o lè rí i. Ìlà rẹ̀ wọ́, ojú mi ni, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Inú mi bàjẹ́ pé o parọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ń sọ ọ́ kí o má rò pé mi ò bínú. Mo bínú sí ara mi náà. Odidi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi jókòó sínú òjò lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí mo ń fi ìgbálẹ̀ yí i ká, tí mò ń sọ fún un pé yàrá ti lẹ́ni. Ọmọ tó wà níwájú mi ni mi ò rí, mo ní ojú ló ń dùn mí. Ìbéèrè tí mo bi ọ́ lóṣù kẹfà, ọdún tí o lọ gan-an ló yẹ kí n ti bi ọ́.

Mo kọ̀wé sí i. Mo ní yàrá ti ṣí, ẹ̀rọ ìyá yín ti ń ṣiṣẹ́, kó máa bọ̀. Ó ní òun ti fọwọ́ sí ìwé ọdún méjì, wọ́n sì ti gba àwọn ọmọ sílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ náà. Ó ní kí n kí ọ. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo kọ yìí, mi ò fi kún un.

Nọ́ọ̀sì ló ń wá kán oògùn sí mi lójú báyìí, tó bá ráyè. Orúkọ rẹ kò yí padà o. Ẹni tó bá ní kí n má pè é lórúkọ tí mo sọ ọ́ kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Mo máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá náà láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lánàá, obìnrin kan tó gbé àpò aṣọ lọ́wọ́ ń kọjá, ó rí ẹ̀rọ, ó dúró. Ó bi mí bóyá ibẹ̀ ti lẹ́ni. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, mo ti la ẹnu kí n tó rántí. Mo ní rárá, kò lẹ́ni.

Bàbá rẹ.